Èwo Nínú Ara Yíyún? Ìtàn Ewé, Orúkọ àti Egbòogi

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìbéèrè kan náà ni mo ń rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́. Àwọn tó wà ní ìlú Ọba ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ní bí oṣù karùn-ún bá ti dé, tí koríko àti igi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́búlẹ́bú òdòdó sínú afẹ́fẹ́, ojú a máa yún wọn, imú a máa ṣomi, wọn a sì máa sín láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá á fi àgbo ránṣẹ́ láti Adó tàbí láti Ìkẹ́rẹ́. Ohun tí wọ́n wá ń bi mí ni pé: kí ni àwọn baba ńlá wa ń pe "allergy", ewé wo ni wọ́n sì ń lò sí i?

Ìdáhùn rẹ̀ kúrú, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Wọn kò pè é ní nǹkan kan, torí wọn kò kà á sí àrùn kan ṣoṣo. Àwọn òyìnbó pàápàá, kò tíì pẹ́ tí wọ́n kà á sí ọ̀kan. Ọdún 1819 ni John Bostock, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe ojú yíyún àti imú dídí tó ń bá òun fúnra rẹ̀ jà lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ọ̀rọ̀ náà "allergy", Clemens von Pirquet ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Vienna ní ọdún 1906. Ìyá ìyá mi dàgbà jù ú lọ.

Ohun tí àwa ní kì í ṣe orúkọ, gbólóhùn ni. "Kò bá mi lára mu." "Ara mi kọ̀ ọ́." "Ara mi ò gbà á." Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní gírámà, ẹ wo ẹni tó wà ní ipò olùwà nínú méjì tó kẹ́yìn: ara ni. Ẹni tó bá ní ara òun kọ edé kò sọ pé òun ń ṣàìsàn, kò sì sọ pé edé náà bàjẹ́. Ara rẹ̀ ló yàn láti kọ ohun tí ara ẹlòmíì gbà. Kò jìnnà sí èrò von Pirquet rárá.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀-ìṣe, torí ibẹ̀ ni ọrọ̀ wa wà. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ọmọ, ara rẹ̀ ń yún un. Bí làpálàpá bá mú un, wọ́n lè ní ó ń jẹ ẹ́, torí ó ń jẹ lọ bí iná etí ìgbẹ́, àyíká rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Bí ata bá kàn án lára, ó ń ta á. Bí ó bá dà bíi pé èèrà ń lọ lábẹ́ awọ, wọ́n á ní nǹkan ń rìn ín lára. Bí ó bá dà bí abẹ́rẹ́, ó ń gún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn, mo máa padà sí wọn níwájú.

Àwọn tó ń ta ewé mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá eléwé ọmọ kan ní Ọjà Ọba l'Adó, mo ní kí wọ́n bá mi wá ewé ara yíyún. Wọn ò tilẹ̀ na ọwọ́ sí ewé kankan. "Bàbá, èwo nínú rẹ̀? Ṣé èyí tó ń yún lóru ni àbí èyí tó ń yún lẹ́yìn ìwẹ̀? Ó sú jáde ni, àbí awọ ṣì ń dán? Ṣé ẹlòmíì nínú ilé náà ń họ ara?" Èkìtì ni wọ́n sọ, èmi ni mo yí i sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ẹ wo ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn. Ohun tí dókítà awọ máa béèrè gan-an nìyẹn bí ó bá fura sí kúrúnà, torí kòkòrò rẹ̀ a máa yọni lẹ́nu jù lóru, ó sì máa ń ran ará ilé. Òwe wa tilẹ̀ ti to àrùn awọ sí ìpele: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ọyẹ́ ló sún mọ́ ohun tí àwọn ará ìlú Ọba ń bi mí jù lọ, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì tàbí ìkẹta, atẹ́gùn a máa gbé eruku wá bá wa láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku náà ń ti ilẹ̀ gbígbẹ kan tí ń jẹ́ Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá wà láyé àtijọ́. Ní Adébáyọ̀ níbí tí mò ń gbé, ẹ nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ẹ ti lè fi ìka kọ orúkọ yín sí i. Imú a dí, ojú a máa ta, ojúgun a funfun bí ẹni tó ta ẹfun sí i. Àwọn àgbà ń pè é ní ọ̀fìnkìn. Kàtá ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wí, láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni.

Òrí ni oògùn rẹ̀ nílé wa. Wọ́n á fi pa ẹsẹ̀ àti apá, wọ́n á sì fi ìka mú díẹ̀ sí ihò imú. Igi òrí kì í ṣe igi ilẹ̀ igbó bíi tiwa. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló ti ń hù, lókè Ọ̀yọ́ àti ní ilẹ̀ Nupe, ọ̀nà òwò ni òrí sì gbà dé Èkìtì. Mungo Park rí i nígbà tó ń wá odò Ọya kiri ní ọdún 1796, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ewéko sì fi sọ igi náà, Butyrospermum parkii, kí wọ́n tó wá máa pè é ní Vitellaria paradoxa. Àwọn tó ti ń fi pa imú kí bàbá Park tó bí i kò sí nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ní ọdún 1979, A. Tella tẹ ìwádìí kékeré kan jáde nínú British Journal of Clinical Pharmacology. Ó fi òrí sí imú àwọn tí imú wọn dí, ó sì fi wé xylometazoline, oògùn ìkán-sí-imú tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Òrí ṣí imú wọn, ó sì ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí olùwádìí náà fi wòye pé ó lè dára ju oògùn ilé oògùn lọ. Ìwádìí ìbẹ̀rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ pè é, àwọn tó kópa níbẹ̀ kò sì pọ̀. Ó dùn mí pé a kò fi owó àti agbára lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí, nígbà tí òrí ń gba orílẹ̀-èdè wa kọjá lọ di ìpara olówó gọbọi lókè òkun. Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ìyá ọmọ: ní ti ọmọ ọwọ́, ẹ fi mọ sí etí imú lóde. Òróró tó bá gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Ó yá, ewé ńkọ́? Ẹ bi ẹnikẹ́ni l'Adó ní ewé làpálàpá, asùnwọ̀n òyìnbó ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Igi kékeré ni, ewé rẹ̀ gbòòrò, òdòdó rẹ̀ dúró ṣánṣán bí àbẹ́là aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n á gún ewé tútù, wọ́n á fi pa ojú làpálàpá, tàbí kí wọ́n gún un mọ́ ọṣẹ dúdú. "Ewé àwọn baba wa ni," ohun tí wọ́n á sọ fún yín nìyẹn. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tún orúkọ náà pè. Asùnwọ̀n òyìnbó. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni Senna alata ti wá. Nígbà tó dé, àwọn èèyàn wa wò ó, wọ́n rí i pé ó jọ asùnwọ̀n tiwa, Senna podocarpa, tí wọ́n ti ń lò láti fi yàgbẹ́. Wọ́n fún un ní orúkọ ìbátan rẹ̀, wọ́n sì fi òyìnbó kún un kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú. Bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ṣe gba orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ará Amẹ́ríkà lòun náà.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ní ilẹ̀ Philippines, akapulko ni wọ́n ń pe ewé yìí kan náà. Acapulco ni, èbúté kan ní Mẹ́síkò, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi Sípéènì ti ń ṣíkọ̀ lọ sí Manila. Èdè méjì tí kò mọ ara wọn rí, ìkọ̀ọ̀kan wọn fi ọ̀nà tí àlejò gbà wọlé sínú orúkọ rẹ̀. Àrùn awọ ni àwọn náà sì ń lò ó sí. Ìjọba wọn fi í sára ewé mẹ́wàá tí wọ́n fọwọ́ sí. Níbí náà, àwọn olùwádìí Ilé-Ifẹ̀ tẹ àbájáde jáde ní ọdún 2010 lórí ọṣẹ tí wọ́n fi ewé yìí ṣe fún irú àrùn bẹ́ẹ̀. (Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé aláta tó ń ta ata ló wà nínú Senna alata o. Látìnì ni, oníyẹ̀ẹ́ ló túmọ̀ sí, torí èso rẹ̀ ní ohun tó dà bí ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.)

Bí gbogbo orúkọ bá ń sọ òtítọ́ báyìí, iṣẹ́ wa ì bá rọrùn. Imí eṣú ń hù lẹ́yìnkùlé yín, wọ́n ń fún omi rẹ̀ sójú egbò, wọ́n ń fi wẹ ara tó ń yún. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà lòun náà ti wá, ṣùgbọ́n kò sí òyìnbó lára orúkọ rẹ̀. Lójú tèmi, òórùn rẹ̀ ló fún un ní orúkọ, ẹni tó bá ti fi ọwọ́ rún un á gbà fún mi. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ta ló ń rántí pé àlejò ni wọ́n?

Dóńgóyárò sọ òtítọ́ lápá kan. Hausa ni, dogon yaro, ọmọkùnrin gíga. Orúkọ náà jẹ́ ká mọ̀ pé láti Òkè Ọya ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ilẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà, ní ọdún 1928. Ohun tí orúkọ náà kò sọ ni pé ilẹ̀ Íńdíà ni ìran rẹ̀ wà. Àwọn ará Íńdíà ti ń fi ewé rẹ̀ wẹ ara tó ń yún tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1992, àwọn kan níbẹ̀ ròyìn pé àwọn fi ewé náà àti ata ilẹ̀ pupa tí a gún pọ̀ pa ara èèyàn 814 tó ní kúrúnà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló sì san. Kò sí ìsọ̀rí kejì tí wọ́n fi wé wọn, nítorí náà mi ò ní fi búra.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Akíntọ́lá. Koríko yẹn, Chromolaena odorata, tí ẹ ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, láti Amẹ́ríkà lòun náà ti wá, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó bo oko wa. Àwọn kan ń pè é ní Akíntọ́lá ta kú, àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Ẹ tu ú lónìí, ó ti padà lọ́la, bí Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn náà ṣe ta kú sórí àga rẹ̀ ní ọdún 1962. Àríyànjiyàn òṣèlú kan wà nínú àpótí oògùn wa, a kò sì mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá bi mí léèrè ewé àwọn baba ńlá, mo máa ń bi yín padà: baba ńlá ti ọdún wo? Osùn, àdín, òrí, ejìnrìn àti ẹfinrin ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ìdajì ohun tó kù jẹ́ àlejò tí àwọn àgbà dán wò, tí wọ́n sì gbà. Èmi rí i bí ìyìn fún wọn. Ẹni tó lè rí koríko àjèjì létí ọ̀nà, tó sì mọ̀ láàárín ìran kan tàbí méjì pé làpálàpá ló wà fún, ẹni tó ń ṣèwádìí ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ apá kejì rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń polówó gbogbonìṣe kì í sọ. Ní ọdún 1875, John O'Neill, dókítà àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ń wo àwọn tí ara ń yún ní etíkun Gánà òde òní. Craw-craw ni wọ́n ń pe àìsàn náà ní etíkun. Ó mú awọ díẹ̀, ó wò ó lábẹ́ maikirosíkópù, ó rí aràn tín-ín-rín tó ń yí bírí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí aràn tó ń fa ìfọ́jú etí odò.

Àwọn adáhunṣe wa á ní, "Ṣé a ò sọ?" Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sọ. Anthony Buckley, tó jókòó ti adáhunṣe tó sì kọ ìwé Yoruba Medicine ní ọdún 1985, ṣàlàyé pé aràn àti kòkòrò ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ọ̀pọ̀ àrùn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé gbogbo èèyàn ló ní wọn nínú láti ìbí, ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù ni wọ́n ń yọjú sí awọ. Ìdí nìyẹn tí àgbo wọn fi ń korò, kí ó lè dín wọn kù. Nígbà tí William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ìgbó-Ọrà, wọ́n bá a pé nárun ni àwọn èèyàn ń pe ara yíyún yìí, wọ́n sì gbà pé ohun tó wà lára oníkálukú ni. Bí nǹkan bá ti wà lára gbogbo èèyàn, ta ló máa sá fún un? Ta ló máa ro ti eṣinṣin dúdú etí odò tó ń sáré? Ọdún gbọọrọ ni ara fi ń yún kí ojú tó fọ́, inú ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n sì ń fi àgbo wẹ̀. Oògùn tó ń ṣe é wá, ivermectin, inú ohun tín-ín-tìn-tín kan tí Satoshi Ōmura wà jáde nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti rí i. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà wà ní ọ̀fẹ́.

Níbi tí orúkọ ti ṣì wá lọ́nà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí àwọn aláìsàn ti mọ̀ ju àwọn tó ń tọ́jú wọn lọ.

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún láàárín yín máa rántí chloroquine. Ibà á mú ọ, wọ́n á fún ọ lóògùn, kó tó di ọ̀gànjọ́ o ò ní lè sùn. Kò sí ohun tó sú, awọ ń dán, síbẹ̀ o máa fẹ́ fi ògiri họ ẹ̀yìn. Òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa dá oògùn dúró lágbede-méjì, tí ibà náà á sì padà. Wọ́n á yà sí àgbo dóńgóyárò, torí ó korò ṣùgbọ́n kì í gún wọn. Ní àwọn ọdún yẹn, nọ́ọ̀sì kan wò mí lójú pé ọkàn mi ni mo ń gbé sí i. Àwọn tó gbà wá gbọ́ á fún wa ní oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí oúnjẹ kò bá lára mu, a óò gbé e mì, oorun á kùn wá díẹ̀, ara á ṣì máa gún wa.

Ní ọdún 1969 ni I. A. Ọlátúndé ti kọ̀wé lórí rẹ̀, pé ara yíyún yìí pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú, ó sì ń dí ìtọ́jú ibà lọ́wọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, A. A. L. Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ní àwọn ọdún 1980. Àwọn ọmọ wa ló ṣe iṣẹ́ yẹn, ó tọ́ ká dárúkọ wọn. Ní ọdún 2005 Nàìjíríà pa chloroquine tì, ó yí sí oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin. Agbára tí chloroquine ti pàdánù lórí ibà ló fà á, kì í ṣe ẹkún tiwa. Ìgbà tó di ọdún 2009 ni Xinzhong Dong àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé iṣan ìmọ̀lára kan wà tí chloroquine ń lọ tẹ̀ tààrà. Kò gba ọ̀nà histamine tí ẹ̀fọn, edé àti òdòdó ń gbà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí oògùn "kò bá mi lára mu" kò fi ran wá lọ́wọ́.

Ogójì ọdún gbáko. Ní gbogbo ogójì ọdún yẹn, ẹ bi ìyá àgbà kankan ní Èkìtì ohun tí oògùn ibà ń ṣe fún un, kò ní fi mọ sí "ó ń yún mi." Á ní, "Ó ń gún mi bí abẹ́rẹ́," tàbí "ó ń ta mí bí ìjàlọ." Ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ ni. Ó ti ya á sọ́tọ̀ kí yàrá ìwádìí tó yà á sọ́tọ̀. Nínú ìwé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin tí òdòdó ìlú Ọba ń bá jà, ẹ gbọ́ tiyín. Asùnwọ̀n òyìnbó ń pa ohun tó ń fa làpálàpá, kò ní dá imú tó ń sín dúró. Ẹ má sì mu ún sí ara yíyún, inú ni yóò ṣí fún yín. Oògùn histamine tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ yín á wúlò, torí irú tiyín ló wà fún. Ẹ fọ ojú àti irun bí ẹ bá ti òde dé. Ẹ fi òrí sí imú bí ó bá wù yín. Bí àyà bá ń fún yín, tàbí tí ètè àti ahọ́n bá wú, ẹ má pe ìyá, ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Ní tèmi, mo ń kó orúkọ ewé ara yíyún jọ káàkiri Èkìtì. Ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé, Ìjerò, Ọ̀yẹ́, Òmùò àti Ẹ̀fọ̀n, ẹ fi ti ìlú yín ránṣẹ́: orúkọ ewé náà bí ìyá yín ṣe ń pè é, bóyá wíwẹ̀ ni, mímu ni tàbí pípa sára, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe irú yíyún tó wà fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i. Ẹ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ́.